Ṣíbí tòkunbọ̀ yìí ní òǹtẹ̀ lẹ́yìn, ṣé fàdákà ni lóòótọ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àǹtí àti bọ̀dá wa. Manchester ni mò ń gbé. Sunday tó kọjá mo lọ sí kár búùtù, ọjà àlòkù tí wọ́n ń tà látinú búùtù ọkọ̀, mo rí páálí kan tí ìyá òyìnbó kan gbé kalẹ̀, ṣíbí àti fọ́ọ̀kì ló kún inú ẹ̀, mẹ́rìnlá ni gbogbo ẹ̀, ó ní kí n mú £25 wá, mo sì san án. Ìgbà tí mo délé tí mo yí wọn padà ni mo rí i pé àwọn àmì kéékèèké kan wà lẹ́yìn wọn, wọ́n tò sórí ìlà. Ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ń gbé ní fàdákà gidi ni, pé ohunkóhun tó bá ti ní òǹtẹ̀ lẹ́yìn ní Ìlú Ọba yìí, fàdákà ni. Mo gbé mágnẹ́ẹ̀tì sí i, kò mú un. Ẹnìkan níbi iṣẹ́ wá ní kí n lọ ra ásíìdì kí n kán an sí i. Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀, kí n má lọ tà á fún ẹni tó máa rẹ́ mi jẹ?

*

Àbúrò, kọ́kọ́ jókòó ná. Má tà á, má sì ra ásíìdì kankan, mo bẹ̀ ọ́. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń ṣa ṣíbí tòkunbọ̀ ní kár búùtù àti charity shop ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, ohun tó sì ń kó bá èèyàn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni kó rí àmì kan ṣoṣo kó dì mọ́ ọn. Ó rí adé, ó ní fàdákà ni. Ó rí lẹ́tà, ó ti sáré lọ wo ọdún ẹ̀. Òǹtẹ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì kì í dá sọ̀rọ̀, gbogbo ìlà yẹn lèèyàn ń kà pọ̀, bí orúkọ ni: tí wọ́n bá pe "Adé" létí ẹ tí o ò gbọ́ èyí tó kù, ṣé o lè sọ pé Adéwálé ni àbí Adébísí?

Ohun tó o máa ṣe nìyí. Mú ẹyọ kan lọ sídìí fèrèsé, yí ẹ̀yìn ẹ̀ sókè, tan tọ́ọ̀ṣì fóònù ẹ, ṣùgbọ́n má tàn án tààrà sí i o, ẹ̀gbẹ́ ni kó o ti tàn án kí òjìji lè wọ inú àmì yẹn. Tí kò bá tíì hàn, mí èémí gbígbóná sí i bí ẹni fẹ́ nu dígí, kó o tètè wò ó kó tó gbẹ. Ra lẹ́ńsì kékeré tí àwọn tó ń ta òrùka ń kì bọ ojú, èyí tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po mẹ́wàá, kò wọ́n.

Kìnnìún ni kó o kọ́kọ́ wá. Kìnnìún tó ń rìn, tó kọjú sápá òsì ẹ, tó gbé ẹsẹ̀ iwájú kan sókè. Láti 1544 ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́, ohun tó ń sọ fún ẹ ni pé wọ́n ti yẹ nǹkan yẹn wò, nínú ìpín 1000, 925 jẹ́ fàdákà, èyí tó kù sábà máa ń jẹ́ bàbà tí wọ́n pò mọ́ ọn kó lè le, torí fàdákà ògidì rọ̀ jù, ṣíbí ẹ á tẹ̀ lórí iyán. Lẹ́yìn kìnnìún ló kan àmì ìlú tí wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò, lẹ́tà ọdún, àti lẹ́tà orúkọ ẹni tó ṣe é tàbí tó gbé e wá. Tó bá jẹ́ pé láàárín 1784 sí 1890 ni wọ́n ṣe é, orí ọba tàbí ti ọbabìnrin máa ń wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ìyẹn ni pé wọ́n ti san owó-orí lórí ẹ̀. Ya fọ́tò wọn wá, lọ́kọ̀ọ̀kan.

*

Mo ti rí fọ́tò. Nínú mẹ́rìnlá yẹn, mọ́kànlá ni mo lè dá ẹ lóhùn lórí wọn lójú ẹsẹ̀. Tún wò wọ́n. Àmì mẹ́rin tó wà lẹ́yìn wọn kì í ṣe àwòrán rárá, lẹ́tà ni, E, P, N, S. Ọwọ́ ìkọ̀wé àtijọ́ tó kún fún ìgun ni wọ́n fi kọ ọ́, wọ́n wá fi asà kékeré yí ọ̀kọ̀ọ̀kan ká, tí èèyàn bá dúró sókèèrè á ní òǹtẹ̀ ilé àyẹ̀wò, ibi tí wọ́n ti ń yẹ fàdákà wò, ni. Bí wọ́n ṣe fẹ́ kó rí gan-an nìyẹn. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé wọ́n fi iná mànàmáná lẹ fàdákà fẹ́lẹ́ mọ́ ara níkẹ́ẹ̀lì sílífà. Níkẹ́ẹ̀lì sílífà yẹn ńkọ́? Bàbà, síńkì àti níkẹ́ẹ̀lì ni, fàdákà kankan ò sí nínú ẹ̀, orúkọ lásán ló fi jọ ọ́. Òun kan náà ni àwọn kan ń pè ní fàdákà Jámánì, òun náà ni wọ́n ń kọ alpaca sí lára. Ilé iṣẹ́ Elkington ní Birmingham ló gba ìwé àṣẹ lórí ọgbọ́n fífi iná bo nǹkan yìí ní 1840, ibẹ̀ ló ti wọ ilé àwọn tí apá wọn ò ká fàdákà gidi.

Tó o bá rí EPBM, irú ẹ̀ náà ni, àmọ́ nǹkan tó rọ̀ bíi tánńganran ló wà nísàlẹ̀ ìyẹn. A1 tó o rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ EPNS lórí méjì nínú wọn, ilé iṣẹ́ tó ṣe é ló fi ń yin ọjà ara ẹ̀ pé fàdákà tóun fi bò ó nípọn, kì í ṣe ilé àyẹ̀wò ló fún un.

Yí ṣíbí yẹn padà kó o wo ìdí ẹ̀, ibi tó máa ń fi jókòó sórí tábìlì. Lórí fọ́tò kẹta mo rí ibì kan tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí etí idẹ. Fàdákà tó ti jẹ tán nìyẹn, ohun tó wà nísàlẹ̀ ló yọjú. Fàdákà gidi, bó bá jẹ títí tó fi dà bí ewé, àwọ̀ kan náà lo máa bá nínú ẹ̀.

*

Ọ̀rọ̀ mágnẹ́ẹ̀tì. Mo rí i pé èèyàn mẹ́ta ti dá a lóhùn pé "tí mágnẹ́ẹ̀tì ò bá ti mú un, ó parí, fàdákà ni." Mi ò gbà o, mi ò sì ní gbà. Mágnẹ́ẹ̀tì kì í mú bàbà. Kì í mú idẹ. Kì í mú níkẹ́ẹ̀lì sílífà tí wọ́n fi ń ṣe ṣíbí EPNS yìí, bẹ́ẹ̀ ohun tá à ń sá fún gan-an nìyẹn. Ohun tó lè bá ẹ ṣe ò ju pé kó yọ irin kúrò níbẹ̀. Tí mo bá wà lọ́jà mo máa ń fi mágnẹ́ẹ̀tì yọ àwọn stainless tó bá gbé e kúrò nínú páálí kí n má fi àkókò ṣòfò, ó parí, mi ò retí nǹkan míì lọ́wọ́ ẹ̀.

Ó tún lè ṣì ẹ́ lọ́nà lódì kejì. Ọ̀bẹ orí tábìlì: ojú ọ̀bẹ yẹn irin ni, mágnẹ́ẹ̀tì á mú un, ìwọ á ní irọ́ ni, o sì máa sọ ọ́ nù, nígbà tí èèkù ẹ̀ jẹ́ fàdákà tó ní òǹtẹ̀ pípé létí ibi tó ti pàdé ojú ọ̀bẹ. Àmọ́ tó o bá rí irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀ má gbé e sórí ìwọ̀n kó o máa yọ̀. Awọ fàdákà tín-ínrín ni èèkù yẹn, inú ẹ̀ ṣófo, oje igi tó ti gan tàbí nǹkan bí ọ̀dà ni wọ́n rọ sínú ẹ̀ kó lè di ojú ọ̀bẹ mú.

*

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, kí ẹ má baà rò pé inú ìwé ni mo ti ń kà á fún yín. Ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀, mo ra fọ́ọ̀kì méjìlá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni tó ń tà á kọ ọ́ síbẹ̀ pé fàdákà ni, òǹtẹ̀ pípé. Fọ́tò tó gbé síbẹ̀ ṣókùnkùn, mo rí adé níbẹ̀, mo sì ti kà á níbì kan pé adé ni àmì Sheffield, ọkàn mi ti fò lọ. £180. Ìgbà tó dé ọwọ́ mi tí mo fi lẹ́ńsì wò ó: adé, lẹ́tà S, lẹ́tà olùṣe méjì, kò sí kìnnìún. Adé jẹ́ àmì ilé àyẹ̀wò Sheffield lóòótọ́, láti 1773 dé 1974, kí wọ́n tó fi òdòdó róòsì rọ́pò ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe èyí tí wọ́n fi fàdákà bò náà ti fi adé sára tiwọn rí, torí wọ́n mọ ohun tójú èèyàn ń wá. Mo kọ̀wé sí ẹni tó tà á, ó ní òun ò sọ pé sterling, ìyẹn 925, ni, òun kàn sọ pé fàdákà ni. Owó yẹn ò padà. Mo sunkún, torí owó oṣù tí mo fi ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ni. Látìgbà yẹn, tí mi ò bá tíì rí kìnnìún mi ò ní wo nǹkan míì.

Kí n yà díẹ̀. Bàbá wa kàwé ní Leeds, wọ́n padà sí Ìbàdàn ní 1965, wọ́n sì gbé àpótí onígi kan dání, aṣọ aláwọ̀ búlúù ló wà nínú ẹ̀, ṣíbí, fọ́ọ̀kì àti ọ̀bẹ jókòó síbẹ̀ kálukú ní àyè tiẹ̀. "Ṣíbí fàdákà" ni màmá wa ń pè é. Ọdún Kérésì àti ìgbà tí àna bá wá nìkan là ń rí i, ọmọ tó bá fọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ abọ́ lásán máa jẹ ìyà. Lẹ́yìn tí a sin bàbá tán, díẹ̀ ló kù kí ọ̀rọ̀ àpótí yẹn dìjà láàárín àwa ọmọ. Èmi ni mo yí ṣíbí kan padà níwájú gbogbo wọn. EPNS, A1. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin bínú sí mi fún ọjọ́ méjì, ó ní ṣé mo fẹ́ sọ pé bàbá purọ́ ni. Bàbá ò purọ́. Ọ̀rọ̀ sílífà ló wà nínú orúkọ ẹ̀, ta ni yóò sọ fún un pé kò sí nínú ara ẹ̀? Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ni àpótí náà wà títí dòní, ìyàwó ẹ̀ ṣì ń kó o síta ní Kérésì. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ló ní irú àpótí yẹn nílé. Ẹ lọ yí i padà.

*

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sórí mẹ́ta tó kù nínú páálí ẹ, torí ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Ṣíbí ńlá méjì tó jọra yẹn. Lórí fọ́tò ẹ mo rí kìnnìún tó ń rìn, mo rí ìdákọ̀ró, mo rí "a" kékeré, àti lẹ́tà méjì tí mi ò lè kà. Ìdákọ̀ró, Birmingham nìyẹn. Ọdún 1773 ni ìjọba fún Birmingham àti Sheffield ní ilé àyẹ̀wò tiwọn lọ́jọ́ kan náà, Matthew Boulton tó ní ilé iṣẹ́ ní Birmingham ló sáré ẹ̀ jù, torí ọ̀nà tó jìn ni wọ́n ń gbé ọjà gbà lọ yẹ̀ ẹ́ wò, ọjà náà sì máa ń bàjẹ́ lọ́nà. Má bi mí pé kí ni ìdákọ̀ró ń wá ní ìlú tí kò sí lẹ́bàá òkun, àmì tí wọ́n mú nìyẹn.

Bọ̀dá kan ti sọ níbí pé òun ti wo tábìlì àwọn lẹ́tà lórí fóònù òun, pé "a" kékeré jẹ́ 1896. Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ti Lọ́ńdọ̀nù lẹ wò. Ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní ètò lẹ́tà tiẹ̀. Lọ́ńdọ̀nù máa ń lo ogún lẹ́tà, A dé U, wọ́n máa ń fo J, lẹ́yìn ogún ọdún wọ́n á yí ìrísí lẹ́tà àti asà padà wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí A tàbí a bọ́ sí 1876, 1896, 1916, 1936, 1956 lọ́dọ̀ wọn. Birmingham ò bá wọn rìn. Ní Birmingham, 1875 ni "a" kan, 1900 ni "a" míì, 1925 jẹ́ A ńlá. Ẹ ò lè mọ ọdún kẹ́ ẹ tó mọ ìlú. Ká tó wá fi ẹnu kò láàárín 1875 àti 1900, orí ọbabìnrin la máa wò. Tó bá jẹ́ 1875 ni, orí Victoria gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, torí wọn ò tíì pa owó-orí yẹn rẹ́ àfi ní 1890. Kò sí orí kankan lórí ṣíbí yìí. Ìrísí "a" náà tún rọ̀, kò gun bíi ti 1875. 1900 ni, tàbí ìbẹ̀rẹ̀ 1901, torí nígbà yẹn àárín ọdún ni wọ́n máa ń pààrọ̀ lẹ́tà, January 1 tí gbogbo wọn jọ ń pààrọ̀ ẹ̀ ò bẹ̀rẹ̀ àfi ní 1975.

Ṣé ẹ rí i? Kìnnìún sọ pé fàdákà ni, ìdákọ̀ró sọ ìlú, orí tí kò sí ló wá yanjú lẹ́tà.

*

Ẹnìkan bá mi wí, ó ní mo jẹ́ kó dà bíi pé níbi tí kò bá sí kìnnìún kò sí fàdákà, pé ṣíbí tòun ní ilé ìṣọ́ olórí mẹ́ta lára, kò sí kìnnìún, wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò fún òun, fàdákà ni. Òótọ́ ẹ ni. Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń sọ, mi ò sọ ti Scotland. Edinburgh ló ń lo ilé ìṣọ́ yẹn, láti 1759 dé 1974 òdòdó ẹlẹ́gùn-ún ni wọ́n ń tẹ̀ níbi tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń tẹ kìnnìún. Ní 1975 ni wọ́n gba kìnnìún, tiwọn sì nàró lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni, kò rìn. Dublin ní tiẹ̀, háàpù aládé. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra o, Exeter náà lo ilé ìṣọ́, Newcastle lo mẹ́ta pọ̀, kìnnìún sì máa ń wà lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì yẹn. Exeter àti Newcastle ti pa ilé àyẹ̀wò wọn dé láàárín 1880 sí 1890, Chester tó ń fi idà àti ìtí wíìtì ṣe tiẹ̀ parí ní 1962, Glasgow ní 1964. Mẹ́rin ló kù báyìí: Lọ́ńdọ̀nù, Birmingham, Sheffield, Edinburgh.

Ohun míì tó máa ń da èèyàn láàmú: orí àmọ̀tẹ́kùn Lọ́ńdọ̀nù. Orí lásán ni, ó dojú kọ ẹ́ gbọnrangandan, títí dé 1821 ó máa ń dé adé, lẹ́yìn náà wọ́n ṣí adé kúrò. Tó bá ti jẹ tán ó máa ń dà bí ojú ológbò. Kò dúró fún fàdákà, ìlú ló dúró fún. Ẹ má fi í pe kìnnìún.

Tẹ́ ẹ bá sì bá obìnrin kan tó jókòó tó mú ọ̀kọ̀ àti asà dání, ẹ dì í mú o. Britannia nìyẹn, fàdákà 958 nínú 1000. Láti 1697 dé 1720 òun nìkan ni òfin gbà, torí àwọn èèyàn ń yọ́ owó fàdákà ìjọba láti fi rọ abọ́ àti ṣíbí, ìjọba wá gbé ìwọ̀n ti abọ́ ga ju ti owó lọ. Lẹ́yìn 1720 ẹni tó bá wù ló ń lò ó.

*

Fọ́ọ̀kì kan tó kù, èyí tí wọ́n kọ 800 sí, pẹ̀lú oṣù àti adé. Jámánì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo oṣù àti adé yẹn ní 1888, 800 sì jẹ́ ìpín fàdákà nínú 1000. Fàdákà ni, ó kàn kéré sí ti Gẹ̀ẹ́sì. Ní Ìlú Ọba níbi tí 925 ti mọ́ àwọn èèyàn lára, àwọn kan máa ń fojú di í, èmi máa ń rà á, torí àwọn tó ń tà á ní kár búùtù kì í mọ ohun tí 800 jẹ́.

Àmọ́ ẹ gbọ́ o. 90 tàbí 100 lára ṣíbí Jámánì kì í ṣe 900, kì í ṣe 1000. Gíráàmù fàdákà tí wọ́n fi bo odindi ẹgbẹ́ ṣíbí àti fọ́ọ̀kì ni, ọjà tí wọ́n fi fàdákà bò ni. Mo ti rí ẹni tó san owó gidi lórí "90" rí, ó ní ìpín àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ti Amẹ́ríkà ní tiẹ̀ rọrùn, STERLING ni wọ́n máa ń kọ síbẹ̀ gbalaja, wọn ò ní ilé àyẹ̀wò ìjọba. Ṣùgbọ́n "1847 Rogers Bros" tí wọ́n máa ń kó wá fún mi pé ọdún 1847 ni wọ́n ṣe é, rárá, orúkọ ọjà ni, èyí tí wọ́n fi fàdákà bò ni.

*

Ásíìdì. Kí n sọ ọ́ tán lórí ẹ̀. Ásíìdì ò burú lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n lò. Ṣùgbọ́n kó lè ṣiṣẹ́ lórí ohun tí wọ́n bò, o gbọ́dọ̀ fi fáìlì ha á wọ inú, tó ò bá ha á, fàdákà òkè yẹn ló máa dá ẹ lóhùn, á sì ní "fàdákà ni mí." Tó o bá wá ha á tó sì jẹ́ fàdákà gidi, o ti ba ṣíbí jẹ́. Mo ní ṣíbí kan nílé tí mo rà ní £4, orí ọba George III wà lára ẹ̀, ẹnìkan ti kán ásíìdì sí ẹ̀yìn ẹ̀ kí n tó rà á, àpá dúdú kan wà níbẹ̀ tó tó èékánná ìka kékeré, wọ́n ti ha ibẹ̀ jinlẹ̀ débi tí o lè fi ọwọ́ mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀ òǹtẹ̀ márùn-ún ló wà ní ínǹsì mẹ́rin síbẹ̀, tó mọ́ kedere. Kí ló ń wá?

Bákan náà lọ̀rọ̀ nínù. Àbúrò, o kọ ọ́ pé o ti ra pólíìṣì. Má fi kan òǹtẹ̀. Gbogbo ìgbà tó o bá nù ún lo máa bu fàdákà díẹ̀ lọ, òǹtẹ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ lọ torí ó ga díẹ̀. Bébà fọ́ìlì, omi gbígbóná àti baking soda nínú abọ́ kan á ṣí dúdú kúrò láìha nǹkan, ṣùgbọ́n á ṣí dúdú inú òǹtẹ̀ kúrò pẹ̀lú, dúdú yẹn sì ni ojú ẹ fi ń rí i kà. Kà á tán, ya fọ́tò ẹ̀, kó o tó fọ̀ ọ́. Má sì fi ọ̀bẹ tí wọ́n rọ nǹkan sínú èèkù ẹ̀ sínú omi gbígbóná, á já.

*

Ọ̀rọ̀ fóònù tó ń wo fọ́tò sọ orúkọ olùṣe: mo gbà pé ó ń ranni lọ́wọ́, àmọ́ òun náà ló ń jẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá rí HB máa pariwo Hester Bateman. Obìnrin alágbẹ̀dẹ fàdákà ni, ní Lọ́ńdọ̀nù, opó ni, ó fi orúkọ ara ẹ̀ sílẹ̀ níbi àyẹ̀wò ní 1761, ó kú ní 1794, àwọn tó ń kó fàdákà jọ fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, ìdí nìyẹn tí orúkọ ẹ̀ fi ń gbówó lérí. HB tiẹ̀, ọwọ́ ìkọ̀wé tó tẹ̀ ló máa ń fi kọ ọ́. Àmọ́ HB pọ̀ nínú ayé. Sísì kan gbé ṣíbí kan wá síbí lánàá, HB, wọ́n ti sọ iye tó máa tà á fún un. Mo ní kí wọ́n tún fọ́tò yà. Orí Victoria ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ HB yẹn. Victoria ò gorí oyè àfi ní 1837, obìnrin yẹn ti wà ní sàréè ju ogójì ọdún lọ. Sísì, mi ò fẹ́ ba ọjọ́ yín jẹ́, fàdákà ni, fàdákà gidi, ẹlòmíì ló kàn ṣe é.

Bẹ́ẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ máa wo ibi tí òǹtẹ̀ wà. Ṣíbí tó ti pẹ́ ju nǹkan bí 1780 lọ, ìsàlẹ̀ ọrùn ẹ̀ ni wọ́n máa ń tẹ òǹtẹ̀ sí, nítòsí àwo ẹ̀, ó sì sábà máa ń wọ́, torí wọ́n á tún fi òòlù lu ibẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ tán. Lẹ́yìn ìgbà yẹn ni wọ́n gbé e lọ sókè, nítòsí orí ibi tá a ti ń dì í mú. Tí ẹnìkan bá fẹ́ ta ṣíbí "1750" fún yín tí òǹtẹ̀ wà lókè téńté, ẹ bi í léèrè. Àti èyí tí wọ́n ya èso sínú àwo ẹ̀ tí wọ́n da wúrà sí i: ọ̀pọ̀ nínú wọn, ayé George ni wọ́n ṣe ṣíbí, ayé Victoria ni ẹlòmíì lù ú lọ́ṣọ̀ọ́. Òǹtẹ̀ ò purọ́, ọ̀ṣọ́ ni kì í ṣe ọmọ ibẹ̀.

*

Àbúrò béèrè méjì tó kẹ́yìn: ṣé 925 lásán tó, àti báwo ni kóun ṣe tà á.

925 nìkan, láìsí àmì ìlú, ẹnikẹ́ni ló lè tẹ̀ ẹ́. Láti 1999 ni òfin Ìlú Ọba ti sọ nọ́ńbà yẹn di dandan nínú òǹtẹ̀, ó ní kí kìnnìún àti lẹ́tà ọdún jẹ́ ti ẹni tó bá fẹ́, nítorí náà ṣíbí tuntun lè ní 925, àmì ìlú àti lẹ́tà olùṣe nìkan, kó sì pé. Àmọ́ àmì ìlú yẹn gbọ́dọ̀ wà. Ní ti títà, òfin 1973 ló wà nílẹ̀: ẹni tó ń ṣòwò ò gbọdọ̀ pe nǹkan ní fàdákà tí kò bá ní òǹtẹ̀, àfi tí kò bá wúwo tó gíráàmù 7.78, àti àwọn ohun àtijọ́ kan. Tí òǹtẹ̀ ẹ bá ti jẹ débi tí kò ṣeé kà, gbé e lọ sí ilé àyẹ̀wò, wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ aráàlú, o máa sanwó o.

Mọ́kànlá EPNS yẹn, máa fi wọ́n jẹun, wọ́n dáa. Ṣíbí Birmingham méjèèjì, o ní ìwọ̀n ilé ìdáná ẹ sọ pé gíráàmù 131 ni wọ́n. Nínú ẹ̀, nǹkan bíi 121 jẹ́ fàdákà ògidì. Áǹsì tí wọ́n ń fi ra fàdákà jẹ́ gíráàmù 31.1, kì í ṣe áǹsì tí wọ́n ń fi wọn ìyẹ̀fun, torí náà ó kù díẹ̀ kó pé áǹsì mẹ́rin. Wo iye tí áǹsì kan ń lọ lọ́jọ́ yẹn kó o tó jáde nílé, má jẹ́ kí ẹni tó ń rà á bá ẹ ṣírò. Tó bá fi òṣùwọ̀n ẹ̀ wọ̀n ọ́n, dúró síbi tó o ti lè rí nọ́ńbà. Má sì tà á bí àlòkù tí wọ́n fẹ́ yọ́ tó ò bá tíì mọ olùṣe ẹ̀.

Lẹ́tà méjì tí mi ò rí kà yẹn ló kù. Lọ sídìí fèrèsé ní ìrọ̀lẹ́ tí oòrùn bá ti wálẹ̀, mí èémí sí i, ya fọ́tò mẹ́ta láti ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta, kó o gbé e síbí. Ya ti ṣíbí kejì náà, ibi tó ti jẹ lórí ọ̀kan lè mọ́ lórí ìkejì.